Etí funfun tí wọ́n fẹ́ bá mi gé dànù

Ẹ̀gbọ́n màámi ló fi àwòrán kan sílẹ̀ fún mi, obìnrin tó wé gèlè pupa, tó gbé igbá lé itan, tójú ẹ̀ le koko bí ẹni tí wọ́n jẹ lówó. Ó pẹ́ tó ti wà lára ògiri pálọ̀ wọn l'Ókè-Fìà, kàlẹ́ńdà lásán lèmi ń pè é. Ìgbà tí gíláàsì ẹ̀ là ni mo gbé e lọ bá ẹnì kan tó ń ṣe férémù, ó ní bébà ẹ̀ ti tóbi ju férémù tóun ní nílẹ̀ lọ, òun á gé etí funfun yẹn kúrò, òun á wá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí. Bíléèdì ti wà lọ́wọ́ ẹ̀ kí n tó rí i pé wọ́n fi pẹ́ńsùlù kọ 14/60 sísàlẹ̀ lápá òsì, wọ́n sì sáìn sápá ọ̀tún. Mo ní ọ̀gá ẹ jọ̀ọ́ ẹ dúró ná, mo gba nǹkan mi.

Bàbá kan tó ń ya àwòrán ládùúgbò wa ni mo gbé e lọ bá. Wọn ò tiẹ̀ wo obìnrin yẹn, etí yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ wò. Wọ́n ní ọgọ́ta péré ni wọ́n tẹ̀, tèmi ni ìkẹrìnlá, bí iye tí wọ́n tẹ̀ bá ṣe kéré tó ló ṣe máa ń wọ́n, àmọ́ kí n má rò pé ìkẹrìnlá dáa ju àádọ́ta lọ o. "Ibi tó fẹ́ gé yẹn gan-an lowó wà."

Wọ́n ní kí n lọ tọrọ awò tí àwọn tó ń tún aago ọwọ́ ṣe máa ń fi sójú. Tó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń tẹ pósítà ló tẹ̀ ẹ́, àwọ̀ ẹ̀ á rí tó-tò-tó bí ìyẹ́ ẹtù. Tèmi ò rí bẹ́ẹ̀, pupa gèlè yẹn tẹ́ pẹrẹsẹ, ó dúró sórí bébà bí ẹ̀kọ ṣe ń dúró lórí adìrẹ kí wọ́n tó rì í sínú aró, níbi tó sì ti pàdé dúdú ó yẹ̀ díẹ̀, bí ìbú irun orí. Àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní síkíríìnì tiẹ̀, bí àwọn tó ń tẹ orúkọ sára náílọ́ọ̀nù ìnáwó ṣe ń ṣe é náà ni, tí ìkejì ò bá jókòó dáadáa ó máa yẹ̀. (Kì í ṣe bíi ti lino, ohun pẹlẹbẹ bíi rọ́bà tí àwọn ayàwòrán bíi Rufus Ogundele ń gbẹ́ kí wọ́n tó fi íńkì sí i, l'Óṣogbo ńbí láyé ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọnà Mbari Mbayo o, inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni íńkì tèyí ń gbà kọjá.)

Mo bi wọ́n pé èló ni. Wọn ò dá iye kankan, wọ́n ní àfi kí n wádìí iye tí wọ́n ń ta iṣẹ́ ayàwòrán yẹn lẹ́nu àìpẹ́, àti pé oòrùn ti jẹ nínú owó mi. Òótọ́ ni, etí gèlè tí férémù bò ṣì pupa fòò, ìyókù ti ṣá. Sẹ́lótéèpù ẹ̀yìn ẹ̀ náà ti pọ́n bí epo, mo fẹ́ ṣí i, Bàbá lù mí lọ́wọ́ pé màá fa bébà ya.

Ohun tí mo wá ṣe ò pọ̀. Mo fọ ọwọ́, mo jẹ́ kó gbẹ, mo ní kí wọ́n bá mi ra páálí àti bébà tí ò ní ásíìdì bọ̀ láti Èkó torí páálí àtijọ́ ti sọ ẹ̀yìn ẹ̀ di bíráùn, mo ká bébà yẹn bí àpò kékeré sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kí àwòrán kàn tẹnu bọ̀ ọ́ láìsí gọ́ọ̀mù, mo wá fi páálí tí wọ́n dá ihò sí láàárín sí iwájú ẹ̀ kí gíláàsì má bàa kàn án, torí lásìkò òjò íńkì lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ògiri tí oòrùn wíńdò ò lè nà ni mo gbé e kọ́.

Màámi wá kí mi lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n wò ó títí. "Ṣé o ò rówó ra férémù tó bá a mu ni? Etí funfun yìí mà ti pọ̀ jù."