Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí a bá ń ra mífáì tàbí módẹ̀mù fún ìrìn-àjò

Òpópónà Ọtígbà, ní Computer Village Ìkẹjà, ni ọ̀pọ̀ nínú wa ní Èkó máa ń gbà lọ tí a bá fẹ́ ra mífáì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ dátà síìmù di Wi-Fi, tàbí módẹ̀mù tí a ó fi máa ṣiṣẹ́ lórí láptọ́ọ̀pù lẹ́nu ìrìn-àjò. Ẹni tó ń tà á á ki síìmù bọ̀ ọ́ lójú yín, iná á tàn, fídíò á ṣí wàrà, owó á sì kúrò lápò. Ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe tó bí gbogbo èyí tó kù ti ń bẹ̀rẹ̀: a dán ẹ̀rọ wò níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti pọ̀, a wá gbé e lọ síbi tí kò ti tó. Ẹ má fi Ìkẹjà díwọ̀n Ìdànrè. Ibi tí ẹ ń lọ ni kó pinnu ohun tí ẹ ó rà, láti orí síìmù títí dé orí bátìrì.

Nítorí náà, ẹ má bi ọmọ Ọtígbà pé nẹ́tíwọ̀kì wo ló dáa jù. Ẹni tó ń gbé níbi tí ẹ ń lọ ni kí ẹ pè. Ẹ má sì bi í pé, "Ṣé nẹ́tíwọ̀kì wà lọ́dọ̀ yín?" torí yóò ní ó wà, ìpè ṣáà ń wọlé fún un. Ẹ ní kó wọ inú yàrá tí ẹ ó ti ṣiṣẹ́, kó wo òkè fóònù rẹ̀, kó ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá nẹ́tíwọ̀kì fún yín. Tó bá jẹ́ 4G, ó dáa. Tó bá jẹ́ H, 3G nìyẹn. Ímeèlì á lọ, ṣùgbọ́n ìpàdé orí Zoom á máa já. Tó bá jẹ́ E, ẹ wá síìmù mìíràn, torí 2G kò lè gbé iṣẹ́ láptọ́ọ̀pù. Ẹlòmíì tó yẹ kí ẹ bi ni ẹni tó ń ṣe POS ládùúgbò náà. Nẹ́tíwọ̀kì tí kì í dúró kò lè bá a jẹun, kò sì ní fi sínú ẹ̀rọ rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Spectranet nílé ní Sùúrùlérè tàbí ní Yábàá, ẹ má kàn ká a sínú báàgì. Àwọn ìlú ńlá mélòó kan ni wọ́n wà fún, ẹ̀rọ wọn kì í sì í gba síìmù ẹlòmíì. Tí ẹ bá ti kọjá síbi tí wọn ò ti ní òpó nẹ́tíwọ̀kì, ẹrù lásán lẹ gbé.

Ọ̀rọ̀ bẹ́ńdì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ jù, torí òun ló ń jẹ owó èèyàn jù, àwọn tó sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún oníbàárà kò pọ̀. Orí ìgbì rédíò ni 4G ń rìn, ìgbì náà sì pín sí oríṣiríṣi bẹ́ńdì, tí kálukú ní nọ́ńbà tirẹ̀. Ní Nàìjíríà níbí, lára àwọn tí a ń lò fún 4G ni 700 MHz, ìyẹn bẹ́ńdì 28; 800 MHz, ìyẹn bẹ́ńdì 20; 1800 MHz, ìyẹn bẹ́ńdì 3; àti 2600 MHz, ìyẹn bẹ́ńdì 7. Glo fi 700 ṣe 4G tirẹ̀. MTN ra 2600 lọ́wọ́ ìjọba ní 2016, ó sì tún ń lo 800. Àwọn tí nọ́ńbà wọn kéré, bíi 700 àti 800, máa ń rìn jìnnà, wọ́n sì máa ń gba inú ògiri kọjá, òpó kan ṣoṣo lè bo ilẹ̀ tó gbòòrò. 2600 kì í rìn jìnnà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ìdí nìyẹn tó fi bá ìlú tí òpó ti sún mọ́ra mu.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn ń fà. Mífáì tó ní bẹ́ńdì 3 àti 7, tí kò ní 20 àti 28, yóò fò bí ẹyẹ ní Ìkẹjà. Tí ẹ bá gbé e dé abúlé tó jẹ́ pé 800 nìkan ni òpó ibẹ̀ fi ń gbé 4G, yóò padà sórí 3G tàbí kó má rí nǹkan kan, nígbà tí fóònù tó wà lápò yín ń lọ geerege. Ẹ ó rò pé síìmù ló bà jẹ́, ẹ ó sì máa ra dátà mọ́ dátà.

Tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà ló ń kó èèyàn sí i jù. Àwọn bẹ́ńdì bíi 4, 13, 17 àti 66 tí wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, a kì í lò wọ́n níbí. Ẹ̀rọ náà lè mọ́ tónítóní, kó sì rọjú lówó, síbẹ̀ kó má wúlò fún yín ní Ọ̀rẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n ṣí ẹ̀yìn mífáì, kí wọ́n yọ bátìrì. Bébà kékeré kan wà lẹ́ mọ́ abẹ́ rẹ̀, tí wọ́n kọ "Model" sí, tí nọ́ńbà IMEI sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ ka orúkọ náà tán pátápátá, títí kan àwọn lẹ́tà àti nọ́ńbà kéékèèké tó tẹ̀lé àmì dáàṣì. Mífáì méjì lè jẹ́ Huawei E5577, kí àwọ̀ wọn bára mu, àmọ́ kó jẹ́ pé ìrù orúkọ yẹn ló máa sọ pé ọ̀kan ní bẹ́ńdì 20, èkejì kò ní. Ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ sórí Google pẹ̀lú "LTE bands", kí ẹ kà á lójú ẹni tó ń tà á. Kò gba àkókò, kò sì yẹ kó bí i nínú.

Ọ̀rọ̀ lọ́ọ̀kì ló tẹ̀lé e. Mífáì tí ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì kan fúnra rẹ̀ tà sábà máa ń ní lọ́ọ̀kì, kì í gba síìmù ẹlòmíì. "Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo síìmù ló ń gbà," ni ẹ máa gbọ́. Ó lè jẹ́ òótọ́. Ẹ ṣáà dá a lóhùn pé, "O ṣeun, jẹ́ kí n fi tèmi wò ó," kí ẹ sì yọ síìmù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ jáde nínú pọ́ọ̀sì yín. Kí ọ̀pá nẹ́tíwọ̀kì yọ kò tó o. Ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ ọn, kí ẹ ṣí ojú-ewé kan lórí síìmù kọ̀ọ̀kan.

Síìmù méjì yẹn, ẹ má fi ìkankan sílẹ̀ nílé. Ní 14 oṣù kẹta 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Ní Èkó, àwọn báǹkì àti nẹ́tíwọ̀kì kan dá kú, àmọ́ okùn Glo-1, tí í ṣe ti Glo, kò já. Ẹni tó ní síìmù kan ṣoṣo lọ́jọ́ yẹn, tí nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀ bá dá kú, kò ní òmíràn tó lè bọ́ sí.

Módẹ̀mù USB ti àtijọ́, tí wọ́n ń ki sí ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù, ṣì wà lórí àtẹ. 3G ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, eré òmíràn ò ju 7.2 Mbps lọ. Ẹ má torí owó pọ́ọ́kú rà á. Lódìkejì, ẹ má sanwó gọbọi nítorí 5G tó bá jẹ́ pé ìgbèríko lẹ ń lọ. MTN bẹ̀rẹ̀ 5G ní oṣù kẹsàn-án 2022, Airtel tẹ̀lé e ní 2023, ìlú ńlá ló ṣì pọ̀ sí jù.

Ní ti bátìrì, 1500 mAh kéré fún ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ látàárọ̀ dalẹ́. Ẹ wá 3000. Tí ìdérí ẹ̀yìn bá ti wú, tí kò pa dé dáadáa mọ́, ẹ má rà á rárá, bátìrì bẹ́ẹ̀ lè gbiná. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ òfúrufú lẹ fẹ́ wọ̀, ọwọ́ ni kí ẹ fi mú pawa báǹkì; kì í wọ inú ẹrù tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Dátà ńkọ́? Láptọ́ọ̀pù kò mọ̀ pé mífáì lẹ so ó mọ́, Wi-Fi ilé ló pè é. Tí Windows bá ti rí i, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fa àtúnṣe rẹ̀ wálẹ̀, OneDrive á máa gbé fáìlì lọ gbé fáìlì bọ̀, dátà tí ẹ rà fún ọ̀sẹ̀ kan á sì lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ wọ Settings, ẹ tẹ orúkọ mífáì yín, kí ẹ tan "Metered connection". Láti oṣù kìíní 2025 tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì, ti fọwọ́ sí i pé kí owó nẹ́tíwọ̀kì lè gòkè tó 50%, ó dun èèyàn tí irú dátà bẹ́ẹ̀ bá ṣòfò. Kí síìmù tó wọ inú mífáì, ẹ fi sínú fóònù, kí ẹ fi *312# ra dátà, kí ẹ sì fi *323# wo iye tó wà níbẹ̀.

Síìmù tí ẹ ń lò fún ìrìn-àjò nìkan tún ní ewu tirẹ̀: tí ẹ ò bá náwó lórí rẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, wọ́n lè ti ìlà náà pa, tó bá sì tún pẹ́ bẹ́ẹ̀ sí i, wọ́n lè gbé nọ́ńbà náà fún ẹlòmíì. Ẹ máa ra káàdì díẹ̀ sí i, kí ẹ sì máa lò ó. Ẹ má lọ ra síìmù tí wọ́n ti fi NIN ẹlòmíì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, nítorí wọ́n lè gé e nígbàkigbà, òfin ò sì fàyè gbà á.

Àwọn tó ń lọ sí Kútọnu tàbí Accra máa ń rò pé MTN ni MTN. Orúkọ ló bára mu. Ilé-iṣẹ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan dá dúró, dátà tí ẹ rà ní Èkó kì í ṣe tiwọn. Síìmù ibẹ̀ ni kí ẹ fi páálí ìrìnnà yín rà tí ẹ bá dé. Ẹ tún ṣọ́ra lójú ọ̀nà Ṣẹ̀mẹ̀, torí ẹ̀rọ lè gbá nẹ́tíwọ̀kì Bẹ̀nẹ̀ mú nígbà tí ẹ ṣì wà lórí ilẹ̀ wa, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ka owó rómíìnì, ìyẹn owó lílo nẹ́tíwọ̀kì ilẹ̀ òkèèrè, sí yín lọ́rùn. Lórí ọ̀pọ̀ mífáì Huawei, ẹ kọ 192.168.8.1 síbi àdírẹ́sì nínú búráúsà, ẹ wá "Data roaming", kí ẹ pa á kí ẹ tó kúrò ní Àgbádárìgì.