Bí A Ṣe Ń Ṣètò Ìtọ́jú Jẹnẹrétọ̀ Ńlá Kí Ó Tó Bàjẹ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó wà ní Ọ̀tà, Agbára àti Ìkẹjà, jẹnẹrétọ̀ oní-dísẹ́ẹ̀lì ńlá kì í ṣe ohun tí a kàn gbé kalẹ̀ de ìgbà tí iná NEPA bá lọ. Òun gan-an ló ń gbé iṣẹ́ ró. Síbẹ̀, oṣù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ka ìtọ́jú rẹ̀, ẹ́ńjìnnì kò sì mọ oṣù. Bí ìwé tó bá ẹ́ńjìnnì wá bá ní kí a máa pààrọ̀ ọ́ìlì ní wákàtí 250, èyí tó ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru yóò lo wákàtí náà tán láàárín ọjọ́ mẹ́wàá ààbọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́ yóò tó oṣù kan kí ó tó dé ibẹ̀. Èyí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ lò nìkan ni kàlẹ́ńdà wúlò fún, nítorí ọ́ìlì a máa gbó bí ẹ́ńjìnnì kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́.

Nítorí náà, ẹ ṣí ìwé ẹ́ńjìnnì yín, kì í ṣe ti aládùúgbò, kí ẹ kọ wákàtí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ojú ìwé kan, kí ẹ sì kọ iye tí mítà wákàtí, èyí tó ń ka wákàtí tí ẹ́ńjìnnì ti ṣiṣẹ́, ń fi hàn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ ọ́ìlì nígbà tí mítà wà ní 12,400, òmíràn di 12,650. Ẹ tún kọ 12,550 síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìgbà tí ẹ ó ra fílítà, nítorí ojúlówó páàtì kì í fìgbà gbogbo wà lọ́jà, wákàtí 100 tó kù kò sì ju bí ọjọ́ mẹ́rin àti wákàtí díẹ̀ lọ fún ẹ̀rọ tí kì í sinmi.

Ní àràárọ̀, kí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ wo ọ́ìlì lára ọ̀pá ìwọ̀n, kí ó wo omi rédíétọ̀ nígbà tó ṣì tutù, kí ó sì tú omi tó rọ̀ sí ìsàlẹ̀ fílítà dísẹ́ẹ̀lì dànù. Lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti gbé lóòdù, ìyẹn iná tí ilé-iṣẹ́ ń fà lára rẹ̀, fún wákàtí kan, kí ó kọ agbára ọ́ìlì (agbára tí ọ́ìlì fi ń ti ara rẹ̀ kiri inú ẹ́ńjìnnì), ìgbóná omi àti iye lóòdù sílẹ̀. Ìwọ̀n ọjọ́ kan kò sọ púpọ̀. Àmọ́ bí agbára ọ́ìlì bá wà ní báà 4.5 (báà ni a fi ń wọn agbára náà) lóṣù tó kọjá, tó wá di 3.8 lónìí lórí lóòdù kan náà àti ìgbóná kan náà, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀ bí pánẹ́ẹ̀lì kò tilẹ̀ tíì pariwo.

Afẹ́fẹ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fún ní àkíyèsí jù lọ, pàápàá nígbà ọyẹ́. Bí àmì ara fílítà afẹ́fẹ́ bá ti pọ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má fi kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ ẹ, nítorí atẹ́gùn náà lè lu bébà rẹ̀. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì léra ni èsì àyẹ̀wò ọ́ìlì tí a bù nínú ẹ́ńjìnnì fi hàn pé silicon, èyí tí í ṣe àmì iyẹ̀pẹ̀, ń pọ̀ sí i. A pààrọ̀ fílítà, kò dáwọ́ dúró. Mo tú páìpù tó wà láàárín fílítà àti tọ́bò (èyí tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì), mo fi ìka nu inú rẹ̀, ìka mi sì pupa fún eruku. Abẹ́ kílíìpù ni họ́ọ̀sì ti ya, bẹ́ẹ̀ ni ó gún régé lójú ẹni tó bá wò ó láti ìta. Láti ìgbà náà ni yíyẹ inú páìpù yẹn wò ti wà nínú ètò mi.

Fún àyẹ̀wò ọ́ìlì, ojú kan náà ni kí ẹ ti máa bù ú, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ṣì gbóná, kí ẹ sì kọ wákàtí mítà àti wákàtí tí ọ́ìlì ti lò sára ìgò. Láìsí méjèèjì, a kò lè fi èsì kan wé òmíràn.

Ẹ ṣọ́ lóòdù kékeré pẹ̀lú. Ẹ̀rọ tó bá ń fi ọjọ́ pípẹ́ gbé ohun tí kò tó ìdá 30 nínú 100 agbára rẹ̀ kì í jó dísẹ́ẹ̀lì tán; ẹ ó rí ọ́ìlì dúdú tó ń kán lẹ́nu ẹgisọ́ọ̀sì. Bí ẹ bá ní méjì, ẹ jẹ́ kí ẹyọ kan gbé e.

Ẹ fi àwọn iṣẹ́ ńlá, bíi àlàfo fáàfù tí a sábà máa ń wọ̀n nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù àti àyẹ̀wò náwúsù tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sínú ẹ́ńjìnnì, sí ìgbà Iléyá tàbí Kérésìmesì tí ilé-iṣẹ́ bá ti pa. Kí ọwọ́ tó wọ inú ẹ̀rọ, ẹ yí i kúrò ní ọ́tò (ibi tó ti ń dá ara rẹ̀ tan), ẹ tú wáyà nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì, ẹ sì fi àgádágodo ti bírékà, torí pé bí iná NEPA bá lọ, ẹ̀rọ tó wà ní ọ́tò yóò dá ara rẹ̀ tan. Ọwọ́ ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ náà ni kọ́kọ́rọ́ gbọ́dọ̀ wà títí yóò fi kó irinṣẹ́ rẹ̀ tán.