Bí mo ṣe kọ́ àwọn ọlọ́jà àti oníṣẹ́ ọwọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní Ilé-Ifẹ̀

Àwọn tí mo kọ́ kì í ṣe ọmọdé. Ìyá aláṣọ kan wà nínú wọn, télọ̀ wà, onídìrí wà, arákùnrin kan tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe náà wà níbẹ̀. Kálukú ló mọ ohun tó fẹ́ fi Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ìyá aláṣọ fẹ́ máa dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ tí kò gbọ́ Yorùbá lóhùn nígbà tí wọ́n bá wá ra àǹkárá. Télọ̀ fẹ́ máa ka ohun tí oníbàárà kọ ránṣẹ́ sórí fóònù rẹ̀. Onídìrí fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù báńkì láìbẹ ẹnikẹ́ni. Ìrọ̀lẹ́ la máa ń pàdé, tí ọjà bá ti tú, nínú gbọ̀ngán kékeré kan ní Ìrẹmọ. Mo ń kọ èyí nítorí ẹni tó bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ ní àdúgbò tirẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ pinnu ni pé a kò ní lé Yorùbá jáde nínú kíláàsì. Ọ̀pọ̀ wa ló lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń na ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀, a sì gbà pé bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ilé-Ifẹ̀ yìí gan-an ni ẹ̀rí tó tako àṣà yẹn ti jáde. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀, èyí tó di Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tó mọ Gẹ̀ẹ́sì dunjú sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yòókù gba ọ̀nà tí gbogbo ayé ń gbà: Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn náà. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wéra, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì rárá, wọ́n tilẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tó kù lọ. Orí mi máa ń wú tí mo bá rántí pé ìlú wa ni iṣẹ́ yìí ti wáyé. Ó sì máa ń dùn mí wọra pé àwọn òbí nínú ìlú kan náà ló tún ń pa Yorùbá mọ́ ọmọ wọn lẹ́nu.

Nítorí náà, kí n tó kọ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì kankan sí pátákó, mo ní kí olúkúlùkù ka ìpínrọ̀ kan fún mi ní Yorùbá. Àwọn kan kà á geere. Àwọn kan ń wo ìwé bí ẹni ń wo ọ̀nà tí kò rìn rí. Mo dá wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí kò lè ka Yorùbá, Yorùbá ni mo kọ́kọ́ kọ́ wọn ní kíkà: ba, be, bẹ, bi, bo, bọ, bu. Ìyá kan tó ń ta ata kò gbà.

"Tíṣà, Gẹ̀ẹ́sì la bá wá o. Yorùbá tí a ń sọ látàárọ̀ ńkọ́?"

"Mà, ẹ ní sùúrù fún mi. Ẹ jẹ́ kí ojú yín mọ ìwé ná, ẹnu yín á tètè tẹ̀ lé e."

Lẹ́tà Yorùbá kì í tan ènìyàn jẹ. Ìró tí o bá kọ́ fún lẹ́tà kan lónìí ni wà á bá níbẹ̀ lọ́la. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé àmì tó wà lójú ìwé dúró fún ìró tó ń ti ẹnu jáde ti mọ ìdajì ohun tí ìwé kíkà jẹ́, èdè yòówù kó jẹ́. Nígbà tí ìyá aláta dé orí Gẹ̀ẹ́sì, ó mọ b, ó mọ d, ó mọ m, ó sì mọ bí a ṣe ń so wọ́n pọ̀. Lẹ́tà márùn-ún péré ni mo ní láti fi kún un, c, q, v, x àti z, nítorí wọn kò sí nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa.

Ẹnu la fi bẹ̀rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìwé dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mo pín wọn ní méjì-méjì, ẹnì kan ń tà, ẹnì kan ń rà. "Good evening, ma." "How much is this one?" "How many yards do you want?" "Please add something." Ọ̀rọ̀ ọjà ni gbogbo rẹ̀, torí ohun tí wọ́n máa lò lọ́la ni mo fẹ́ kí wọ́n mú lọ sílé lónìí. Mo fi òfin kan lélẹ̀ tí n kò gbà kí ẹnikẹ́ni rú: a kì í fi ẹnu ẹnìkejì rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà tí wọ́n bá fi ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́ẹ̀kan kò ní la ẹnu mọ́. Bákan náà, n kò pe ẹnikẹ́ni tó jù mí lọ lórúkọ. Ẹni tó lè bí mi kò di ọmọdé torí pé èmi ni mo mú ẹfun lọ́wọ́.

Lẹ́yìn èyí la wá dojú kọ ìró. Ohun tí kò sí lẹ́nu Yorùbá ló ń fa wàhálà: v máa ń di f, z máa ń di s, th máa ń di t tàbí d. N kò ṣe àlàyé gígùn. Mo ní kí wọ́n gbé ọwọ́ lé ọ̀fun, kí wọ́n pe s, kí wọ́n fà á gùn, kí wọ́n wá jẹ́ kí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í kùn lábẹ́ ọwọ́ wọn. Z nìyẹn. Fún v, eyín òkè á sinmi lórí ètè ìsàlẹ̀ bíi ti f, ọ̀fun á sì máa kùn. Ti th ló le jù, nítorí ahọ́n gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ láàárín eyín. Ìyá aláṣọ ní òun kò lè máa yọ ahọ́n síta níwájú àwọn tí òun lè bí. Mo ní kí wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu, wọ́n sì pe "thank you" lẹ́yìn ọwọ́ títí ó fi mọ́ wọn lára.

A ní p ní Yorùbá, ṣùgbọ́n kì í ṣe p kan náà. Nínú tiwa, ètè àti ẹ̀yìn ahọ́n ló jọ ń ṣiṣẹ́. Ní ti Gẹ̀ẹ́sì, ètè nìkan ni. Mo gé bébà tẹ́ẹ́rẹ́, mo ní kí wọ́n gbé e síwájú ètè. Tí wọ́n bá pe "pápá", bébà kò fi bẹ́ẹ̀ mì. Tí wọ́n bá pe "pot" bó ṣe yẹ, atẹ́gùn á gbé bébà. Wọ́n fẹ́ràn eléyìí púpọ̀, arákùnrin oníjẹnẹrétọ̀ sì mú bébà tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í parí sórí kọ́ńsónáǹtì, a kì í sì í to kọ́ńsónáǹtì léra wọn. Ìdí nìyí tí "bread" fi di búrẹ́dì, tí "milk" fi di mílíìkì. Dípò kí n máa bá wọn jà lórí rẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni mo lò. Mo kọ búrẹ́dì sí pátákó, mo kọ "bread" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. A pa i ìparí rẹ́, a pè é. A pa u rẹ́, a tún pè é. Fún ọ̀rọ̀ tó le bíi "street", ẹ̀yìn la ti bẹ̀rẹ̀: "eet", "reet", "treet", "street". Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti iwájú yóò ti fi i sáàárín s àti t kí ó tó mọ̀.

Ohun kan wà tó dùn mọ́ mi ju gbogbo rẹ̀ lọ. Gẹ̀ẹ́sì kì í lo ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ bíi tiwa. Ṣe ló máa ń tẹ apá kan ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀ ju ìyókù lọ, ọ̀pọ̀ ìwé sì ń kọ́ni ní èyí bíi pé kò sí ibi tí a ti gbọ́ ọ rí. Bẹ́ẹ̀ etí Yorùbá ti gbọ́ ọ tipẹ́. Wo gómìnà: ohùn òkè wà níwájú, ibẹ̀ náà ni Gẹ̀ẹ́sì ti tẹ "governor". Wo kọ̀ǹpútà: ohùn òkè bọ́ sí àárín, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti tẹ "computer". Sìmẹ́ńtì náà rí bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n pe irú ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kí wọ́n máa lu tábìlì níbi tí ohùn ti lọ sókè. Lẹ́yìn náà la wá lu tábìlì sí ọ̀rọ̀ tuntun.

Ìwé kíkà tẹ̀ lé e. Ọ̀rọ̀ kéékèèké tí kò ní ẹ̀tàn la fi bẹ̀rẹ̀: "bed", "bag", "pin", "cup". Lẹ́yìn náà la dé orí e ìparí tí a kì í pè ṣùgbọ́n tó ń yí fáwẹ́lì tó ṣáájú rẹ̀ padà: "pin" àti "pine", "hat" àti "hate". Àwọn bíi "said", "one", "enough", mo sọ fún wọn pé kí wọ́n mọ̀ wọ́n lójú lódidi bí wọ́n ṣe mọ ojú ènìyàn, torí wọn kò ṣe é tú palẹ̀.

N kò lo ìwé ọmọdé. Ẹnikẹ́ni á sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lọ́jọ́ náà ní Yorùbá, gbogbo wa á jọ gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì, èmi á kọ ọ́ sí pátákó, ẹni tó ni ọ̀rọ̀ á kọ́kọ́ kà á, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e. "I sell pepper at Odo Ogbe market. Today rain fell. People did not come early." Ìyá aláta ka èyí láìdúró, torí òun ló sọ ọ́, ó mọ ohun tó ń bọ̀ lórí ìlà kí ojú rẹ̀ tó débẹ̀.

Ìwé kíkọ, ìwé àkáǹtì ọjà ni mo fi ṣe. Lálaalẹ́, kálukú á kọ ìlà kan nípa ohun tó tà tàbí tó rà lánàá. Ọ̀rọ̀-ìṣe wa kì í yí padà, "rà" ni lánàá, "rà" ni lónìí, ìdí nìyí tí ènìyàn fi ń sọ "I buy it yesterday". Òfin gírámà kò wọ̀ wọ́n létí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti kọ "I bought", "I sold", "I paid", "she owed me" sínú ìwé tirẹ̀ léraléra, ọwọ́ rẹ̀ á mọ̀ ọ́n. Fọ́ọ̀mù kò gba àkókò: orúkọ, àdírẹ́sì, ọjọ́ ìbí, ìbuwọ́lùwé. A ṣe é léraléra títí onídìrí fi kọ tirẹ̀ ní báńkì fúnra rẹ̀.

"He" àti "she" ṣì ń dàrú. "Ó" ni gbogbo rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹnu ṣáà ń mú èyí tó bá sún mọ́ ọn. Àwòrán ẹbí ni mo fi ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Kálukú á mú fọ́tò wá nínú fóònù, á nawọ́ sí ènìyàn kọ̀ọ̀kan, á sì sọ gbólóhùn méjì: "This is my brother. He lives in Ilesa." Mo máa ń gba ohùn wọn sílẹ̀ kí wọ́n fi etí ara wọn gbọ́ ọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, télọ̀ ka iṣẹ́ tí oníbàárà fi ránṣẹ́ fún gbogbo kíláàsì: "Two gowns. Short sleeves. Zip at the back. I need them before Friday." Ó dúró díẹ̀ lórí "sleeves", ó gbé ọwọ́ lé ọ̀fun, ó pe v rẹ̀ tó mọ́ kedere. Ìyá aláṣọ bi í léèrè ní Gẹ̀ẹ́sì pé ta ló ni aṣọ náà. Ó dáhùn pé "He is a student", gbogbo kíláàsì sì ké pé "She!"

Àwọn tuntun ti ń bọ̀, púpọ̀ nínú wọn kò tíì lè ka Yorùbá. Ìyá aláta ti gbà láti máa mú wọn kọjá nínú ba, be, bẹ fún mi, kí n lè ráyè fún àwọn tó ti dé orí ìwé kíkọ.