Bí a ṣe ń fi jig irin pẹja nínú omi jíjìn

Bass làwọn ará Amẹ́ríkà ń fi jig irin pa, àmọ́ kí ẹnìkan má lọ máa retí bass ní dáàmù Ọ̀yán, ní ìpínlẹ̀ Ògùn o, ẹja Amẹ́ríkà ni bass, kì í ṣe ẹja omi wa. Lọ́hùn-ún, tí òtútù bá mú, ẹja kéékèèké á sá lọ sísàlẹ̀, bass á sì tẹ̀ lé wọn, jig irin ni wọ́n fi ń lọ bá a níbẹ̀. Ẹja tiwa tó bá ń fojú lé ẹja ẹgbẹ́ ẹ̀ kó tó gbé e mì, ẹ lè dán an wò fún òun náà. Epìyà ni kẹ́ ẹ yọ kúrò, èéhù àti ìdọ̀tí inú omi ló ń jẹ ní tiẹ̀.

Jig ò ju irin wúwo tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń dán lọ, tí ìwọ̀ wà nídìí ẹ̀. Tẹ́ ẹ ò bá rí rà, ẹ gé ọwọ́ ìpọnbẹ̀ irin tó nípọn, kó gùn tó ìka àárín, kí wẹ́dà lu ihò sí i lórí àti nídìí. Òrùka irin kékeré ni kẹ́ ẹ fi kọ́ ìwọ̀ ẹlẹ́nu mẹ́ta sídìí, òmíràn lórí fún okùn, kẹ́ ẹ sì fi fáìlì ha etí ẹ̀ kó má baà gé okùn. Gíráàmù 14 sí 21 ni wọ́n sábà máa ń lò fún bass. Okùn náílọ́nù táwọn onílẹ̀kẹ̀ fi ń sín ìlẹ̀kẹ̀ á ṣe é, àmọ́ èyí tó nípọn díẹ̀ o, torí àwọn eléyín mímú. Ọ̀pá kúkúrú tó le ló dáa.

Ó ku ibi tẹ́ ẹ máa jù ú sí. Kí wọ́n tó sé Ọ̀yán ní 1983, odò ló ń ṣàn níbẹ̀, ipa odò yẹn ṣì wà nísàlẹ̀, ibẹ̀ ló jìn. Ẹ bẹ awakọ̀ kan tó mọ̀ ọ́n, ẹ so òjé mọ́ okùn tẹ́ ẹ ti ta kókó sí ní ìnà apá kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ máa wọn omi lọ. Ibi tó bá ti ṣàdédé jìn sí i, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má kó ẹsẹ̀ lásán sómi tẹ́ ẹ bá ń wọkọ̀ ṣá, àtọ̀sí ajá, àrùn tó ń mú kéèyàn tọ ẹ̀jẹ̀, wà lágbègbè dáàmù yẹn, awọ ara ni kòkòrò ẹ̀ ń gbà wọlé, bàtà rọ́bà ni kẹ́ ẹ wọ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí jig lọ títí tí okùn á fi dẹ̀, ó ti kanlẹ̀ nìyẹn. Ẹ ká èyí tó dẹ̀, ẹ fi ọrùn ọwọ́ gbé e sókè bí ẹsẹ̀ bàtà kan sí méjì, kẹ́ ẹ dá a padà. Àwọn kan á máa ju ọ̀pá sókè sílẹ̀ bí ẹni ń gúnyán, wàhálà lásán ni wọ́n ń ṣe, torí ìgbà tí irin ń ṣubú ni ẹja sábà máa ń gbé e. Tẹ́ ẹ bá dẹ okùn pátápátá, irin á yí dáadáa, á máa kọ mànà, ṣùgbọ́n ẹja á gbé e ẹ ò ní mọ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fà á le jù, á kàn sọ̀kalẹ̀ gbọọrọ, ẹja ò ní wojú ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orí ọ̀pá tẹ̀ lé okùn lọ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ tẹjú mọ́ okùn yẹn: tó bá dúró kó tó yẹ kó dúró, tàbí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí ẹ gbé e ó wúwo ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ fà á lójú ẹsẹ̀, ẹ má rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Tó bá há sára igi abẹ́ omi, ẹ má fà á tipátipá, ìwọ̀ á túbọ̀ wọlé ni. Ẹ wakọ̀ wá sí ọ̀gangan orí ẹ̀, ẹ dẹ okùn, ẹ máa mi ọ̀pá, ìwúwo irin náà ló máa já ara ẹ̀ sílẹ̀.

Ìwúwo kan náà ni ẹja fi máa ń bọ́ o. Á gbọnrí, irin á fì, ìwọ̀ á tú, torí náà okùn ò gbọdọ̀ dẹ̀ títí tó fi dójú omi. Àwọ̀n ni kẹ́ ẹ fi gbé e wọkọ̀, púláyà lẹ máa fi yọ ìwọ̀, ẹlẹ́nu mẹ́ta ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọwọ́ èèyàn àti ẹnu ẹja. Àwọn tó ń dá bass padà sómi lọ́hùn-ún máa ń ṣọ́ra fún èyí tó tibi jíjìn wá, torí àpò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ á ti wú, kò ní lè rì mọ́. Ti Ọ̀yán, ẹ gbé e lọ sílé jàre, kí wọ́n lọ ata dúró dè é.