Línkì rédíò tó ń já nígbà òjò ní Ọ̀fà: ohun tó yanjú rẹ̀

Nígbà ọyẹ́, línkì 5.8 GHz (ìsopọ̀ tó ń fi ìgbì rédíò ránṣẹ́ láti òpó kan sí òpó kejì) tó so ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ọ̀fà pọ̀ mọ́ ẹ̀ka rẹ̀, kìlómítà 6 síra, ń ṣiṣẹ́ geere. Òjò dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já. Wọ́n pààrọ̀ rédíò àti wáyà, pàbó ni.

Láti orí òrùlé, mo rí òpó kejì kedere, ṣùgbọ́n kí ojú rí i nìkan kò tó. Ìgbì rédíò kì í rìn tín-ín-rín bí okùn. Ó máa ń fẹ̀ láàárín ọ̀nà. Ní kìlómítà 6, fífẹ̀ rẹ̀ ní agbedeméjì tó mítà 8.8 sókè àti sísàlẹ̀. Ó kéré tán, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìyẹn, bíi mítà 5.3, gbọ́dọ̀ ṣófo. Oko tíìkì ló wà níbẹ̀ gan-an! Tíìkì a máa wọ́wé lẹ́ẹ̀rùn. Nígbà òjò, ewé rẹ̀ fẹ̀ bí abọ́, omi tó rẹ ẹ́ sì ń gbé agbára ìgbì mì.

Mo gbé àńtẹ́nà lọ sórí irin gíga tó gbé táǹkì omi dúró, mo so wáyà ilẹ̀ mọ́ ọn nítorí mànàmáná. Mo fi àyè sílẹ̀ ju mítà 5.3 lọ, torí igi ṣì ń dàgbà. Lẹ́yìn tí mo tún ojú àńtẹ́nà méjèèjì kọ síra, agbára àmì rédíò kúrò ní -79, ó di -61 dBm (bí nọ́ńbà yìí bá ṣe súnmọ́ òdo tó ni àmì ṣe lágbára tó).