Bí a Ṣe Ń Bẹ̀rẹ̀ Wíwa Owó Kírípítò Gẹ́gẹ́ Bí Iṣẹ́ Ìgbafẹ́

Ẹni tó bá fẹ́ máa wa owó kírípítò nílé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe gan-an kó tó na owó kankan sórí rẹ̀. Bitcoin, owó orí kọ̀ǹpútà tí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn ojú ìwé kan nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀, jáde ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 2009, kò ní báǹkì tó ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Àwọn awakùsà, ìyẹn àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wa owó náà, ló ń ṣe é. Ẹ̀rọ awakùsà á kó owó tí àwọn ènìyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn jọ sínú búlọ́ọ̀kù kan, á fi nọ́ńbà kan kún un, á sì fi ìṣirò tí wọ́n ń pè ní SHA-256 ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí èsì rẹ̀ bá ju gbèdéke tí nẹ́tíwọ́ọ̀kù fi lélẹ̀ lọ, á pààrọ̀ nọ́ńbà náà, á sì tún un ṣírò, bí ẹni tó ń dán kọ́kọ́rọ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan lára àgádágodo. Kò sí ọgbọ́n kankan nínú rẹ̀ ju eré sísá lọ: ẹni tí èsì rẹ̀ kọ́kọ́ bọ́ sábẹ́ gbèdéke ló gba owó.

Owó náà jẹ́ ẹyọ Bitcoin 50 fún búlọ́ọ̀kù kan nígbà tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń pín in sí méjì ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin mẹ́rin, títí tó fi di 3.125 ní oṣù Kẹrin ọdún 2024. Búlọ́ọ̀kù kan ń jáde ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ni, lẹ́yìn gbogbo búlọ́ọ̀kù 2,016, nẹ́tíwọ́ọ̀kù yóò tún gbèdéke náà ṣe kí ìwọ̀n àkókò yìí má baà yẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá pọ̀ sí i lágbàáyé, owó tó ń jáde kò pọ̀ sí i. Ìpín ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń kéré.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti kan ẹni tó fẹ́ fi í ṣe ìgbafẹ́. Ẹ wo ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní Bitaxe, tí kò lò ju nǹkan bíi wáàtì 15 sí 20 lọ, tí àwọn tó lágbára nínú wọn sì ń ṣe nǹkan bí ìṣirò tírílíọ̀nù kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ jẹ́ kí a ka agbára gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kù Bitcoin sí ìlọ́po bílíọ̀nù kan agbára rẹ̀, èyí tí kò jìnnà sí bó ṣe rí ní ọdún 2025. Búlọ́ọ̀kù tó ń jáde lọ́dún kan jẹ́ nǹkan bí 52,560, nítorí náà, ní ìpíndọ́gba, ẹ̀rọ yìí yóò nílò nǹkan bí ọdún 19,000 kó tó dá búlọ́ọ̀kù kan rí. Ẹni tó bá rà á nítorí pé ó fẹ́ mọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣe ohun tó burú, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé tẹ́tẹ́ ni ìyókù.

Ní tèmi, Monero, tó jẹ́ owó kírípítò mìíràn, ni mo rò pé ó yẹ kí ènìyàn fi bẹ̀rẹ̀. Láti oṣù Kọkànlá ọdún 2019 ló ti ń lo ìṣirò RandomX, tí wọ́n dìídì ṣe kí kọ̀ǹpútà lásán lè ṣe é dáadáa, nítorí náà ẹ kò ní ra ẹ̀rọ wíwa owó kankan. Ẹ má tẹ̀ lé ìtọ́sọ́nà àtijọ́ tó ń ní kí ẹ ra káàdì àwòrán nítorí Ethereum, owó kírípítò mìíràn: láti ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022 ni Ethereum ti fi wíwa owó sílẹ̀ pátápátá.

Àpamọ́wọ́, ìyẹn ètò tí ẹ óò fi máa gba owó náà, ni ohun àkọ́kọ́. Ẹ gbà á láti ojúlé Monero fúnra rẹ̀, getmonero.org. Bí ẹ bá ti ṣí i, yóò fún yín ní ọ̀rọ̀ 25 tó tò tẹ̀léra. Ẹ fi bírò kọ wọ́n sórí ìwé bí wọ́n ṣe tò gẹ́lẹ́, ẹ má fi fóònù yà á, ẹ má sì fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni, nítorí ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ló ni owó náà. Àdírẹ́sì tí ẹ óò rí níbẹ̀ gùn, nọ́ńbà 4 ló sì máa fi bẹ̀rẹ̀. Òun ni ẹ óò fún ẹ̀rọ kó lè mọ ibi tí yóò kó owó sí.

Lẹ́yìn náà, ẹ gba XMRig, tó jẹ́ ètò tó ń ṣe iṣẹ́ wíwà náà. Ó ṣeé ṣe kí áńtífáírọ́ọ̀sì yín pariwo pé fáírọ́ọ̀sì ni. Ìdí ni pé àwọn ọ̀daràn máa ń fi í pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn láti fi iná rẹ̀ wa owó fún ara wọn. Nítorí èyí gan-an ni kò fi yẹ kí ẹ gbà á láti ibòmíràn yàtọ̀ sí ibi tí àwọn tó ṣe é gbé e sí, kí ẹ sì yẹ hash fáìlì náà, ìyẹn àmì ìdánimọ̀ tí ìṣirò mú jáde láti inú rẹ̀, wò bóyá ó bá èyí tí wọ́n kọ síbẹ̀ mu. Ẹ má sì gbé e sórí kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ tàbí ti iléèwé láé.

Ẹ yan ẹgbẹ́ awakùsà kan, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń pa agbára pọ̀, tí wọ́n sì ń pín owó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí oníkálukú ṣe. Ẹ wo iye tí wọ́n ń yọ nínú rẹ̀ àti iye tó gbọ́dọ̀ pé kí wọ́n tó sanwó, nítorí ó lè pẹ́ kí kọ̀ǹpútà kékeré tó dé ibẹ̀. Ẹ kọ àdírẹ́sì ẹgbẹ́ náà àti ti àpamọ́wọ́ yín sínú config.json, fáìlì ìṣètò XMRig, kí ẹ sì ṣí XMRig. Ìlà kan tó ní "speed" nínú yóò máa sọ iye ìṣirò tó ń ṣe láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí a kọ "accepted" sí ni iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ gbà. Bí "rejected" bá ń pọ̀, ìṣòro wà, ó sì lè jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ìgbóná.

Ẹ ṣọ́ ìgbóná náà dáadáa, pàápàá lórí láptọ́ọ̀pù, tí a kò ṣe fún iṣẹ́ àṣekára tọ̀sán-tòru. Ẹ dín iye iṣẹ́ tí ẹ fún un kù bó bá ń súnmọ́ 90 lórí ìwọ̀n Celsius, ẹ gbọn eruku kúrò lára fáànù rẹ̀, ẹ má sì gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì.

Ìṣirò iná ló ń fi òótọ́ hàn. Ẹ̀rọ tó ń lo wáàtì 1,000 fún wákàtí kan jẹ yúnítì kan. Kọ̀ǹpútà tó ń fa wáàtì 100 yóò jẹ yúnítì 2.4 lójúmọ́, ẹ̀rọ ńlá tí wọ́n ṣe fún wíwa Bitcoin, bí Antminer S21, tó ń fa nǹkan bí wáàtì 3,500, yóò jẹ 84. Ẹ fi iye tí ẹ ń ra yúnítì kan lọ́po rẹ̀, kí ẹ sì fi wé owó tó wọlé. Ẹ má méfò: ẹ ra mítà kékeré tí wọ́n ń fi há àárín sọ́kẹ́ẹ̀tì àti ẹ̀rọ, nítorí ohun tó ń fà gan-an sábà máa ń yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n kọ sára páálí. Lọ́pọ̀ ibi, owó iná ni yóò pọ̀ jù. Ẹni tí ìyẹn kò bá tẹ́ lọ́rùn kí ó fi owó náà ra ẹyọ owó tààrà. Ní ti ẹ̀rọ ńlá, ariwo rẹ̀ kò ṣeé sùn tì, iná 220 fóòtì sókè ni S21 sì ń fẹ́, lórí wáyà tí oníṣẹ́ iná ti yẹ̀ wò.

Ẹ sá fún ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ sanwó kí òun lè bá yín wà á níbi tí ẹ kò rí, àti áàpù tó ní fóònù yín ń wa owó: Google ti fòfin de irú èyí tó ń fi fóònù wà á lórí Play Store láti ọdún 2018.

Bí owó bá ti ń wọlé, ẹ máa kọ ọjọ́, iye ẹyọ àti iye tó tó lọ́jọ́ náà sílẹ̀ nítorí owó orí. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ tẹ̀síwájú lè lo P2Pool, irú ẹgbẹ́ awakùsà Monero kan níbi tí kò ti sí ọ̀gá tó ń di owó mú, tí kò sì sí owó tí wọ́n ń yọ. Ṣùgbọ́n yóò nílò ìwé àkọsílẹ̀ Monero, ìyẹn gbogbo búlọ́ọ̀kù rẹ̀, lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Odindi rẹ̀ ti lé ní gígábáìtì 200, èyí tí a gé kúrú kò sì tó ìdajì rẹ̀.