Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́dọ̀ Àwọn Tó Ń Dá Bíà Lẹ́jọ́

Imú àti ahọ́n ló ń dá bíà lẹ́jọ́. Síbẹ̀ ẹ ó rí àwọn tó ń náwó gọbọi sórí ìgò òkè òkun nítorí ohun tí wọ́n kà lára rẹ̀.

1. Gíláàsì tí òróró tàbí ọṣẹ kù lára. Ìhó á pòórá lójú ẹsẹ̀, wàá wá máa bú apọntí. Fi omi tó mọ́ ṣàn án, dorí rẹ̀ kodò kó gbẹ.

2. Bíà “mọ́ṣúárì”, ìyẹn èyí tó tutù nini. Bí ooru bá mú, mu ún bó ṣe wù ọ́, àmọ́ má dá a lẹ́jọ́ báyẹn: òtútù ń pa ahọ́n, kì í sì í jẹ́ kí òórùn jáde. Lager ń fẹ́ 4 sí 7°C, stout 8 sí 13°C.

3. “Ọkà bàbà ni wọ́n fi pọn ọ́n, ayédèrú ni.” Èyí gan-an ló ń bí mi nínú. Òfin Bavaria, ní Jámánì, ti 1516 ni wọ́n máa ń tọ́ka sí: ọkà bálì, hóòpù (òdòdó tó ń mú bíà korò) àti omi nìkan ni kí wọ́n fi pọn bíà. Òfin ọ̀hún kò tilẹ̀ dárúkọ ìwúkàrà, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí bíà láìsí i! Àwọn ará Bẹ́ljíọ̀m ń fi àlìkámà, èèpo ọsàn àti èròjà amóúnjẹ-ta-sánsán tí wọ́n ń pè ní kóríáńdà pọn bíà funfun wọn, ẹnikẹ́ni kò pè é ní ayédèrú. Lọ́dọ̀ tiwa, ìjọba Nàìjíríà fòfin de kíkó mọ́ọ̀tì bálì (bálì tí wọ́n ti mú hù, tí wọ́n sì sá gbẹ) wọlé ní 1988, ni àwọn ilé ìpọntí bá yà sí ọkà bàbà àti àgbàdo. Iṣẹ́ kékeré kọ́: sítáàṣì ọkà bàbà ń fẹ́ ooru ju ti bálì lọ kó tó tú, ẹ́ńsáìmù inú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń sọ sítáàṣì di ṣúgà, kò sì lágbára tó, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ra ẹ́ńsáìmù kún un. Bí wọ́n ṣe é re, bí wọn ò ṣe é re, inú gíláàsì la ti máa mọ̀.

Ṣé o ṣì ń jiyàn? Mú bíà méjì tó jẹ́ irú kan náà, ọ̀kan tí wọ́n fi bálì pọn, èkejì tí wọ́n fi ọkà bàbà pọn, kí ẹlòmíràn bu ú sí gíláàsì 3 níbi tí o kò ti ní rí ìgò: 2 láti inú ọ̀kan, 1 láti inú èkejì. Mú èyí tó yàtọ̀. Àbá lásán lè bọ́ sí i lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́ta, nítorí náà, ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Bí o kò bá gbà á tó 5, fi ọkà bàbà sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

Àṣìṣe mìíràn ni kéèyàn máa tọ́ bíà wò láìmọ ohun tó ń wá. Òórùn bọ́tà: wọ́n kánjú yọ ọ́ kúrò lórí ìwúkàrà. Àgbàdo sísè: kò hó pẹ́ tó, tàbí wọ́n dé e pa nígbà tó ń hó. Páálí tó rin: afẹ́fẹ́ ti wọ̀ ọ́, tàbí ó ti pẹ́ jù nínú ooru. Òórùn igbó mímu: oòrùn ló pa á nínú ìgò aláwọ̀ ewé tàbí ìgò funfun. Ẹni tó to kéréètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ni kí o bá wí, má bá apọntí jà.

Pé ó tètè ń pani kò sọ pé ó dáa.

Má tọ́ stout wò ṣáájú lager.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ṣe adájọ́ nídìí àwo pẹpẹsúùpù, ata ti jó ahọ́n yín ná. Omi àti búrẹ́dì lásán ni kí ẹ máa fi ṣan ẹnu láàárín gíláàsì kan sí èkejì.